Àyẹ̀wò ọdún: ká fa mọ́tò kékeré tẹ̀lé ọkọ̀ ilé, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìpinnu kan wà tí mi ò fẹ́ gbé wọ ọdún tuntun láìyanjú: ṣé kí ọkọ̀ ilé, èyí tí yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, máa wọ́ mọ́tò kékeré tẹ̀lé ara rẹ̀, àbí kó máa dá lọ? Ibi tí mo fàbọ̀ sí rèé: ẹni tó máa ń pẹ́ níbi tó bá dé, kó fà á, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́tò náà sì wà nílẹ̀. Ẹni tó ń sùn mọ́jú tó sì ń kọjá lọ láàárọ̀, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Ìwé ìrìnàjò ọdún tó ń lọ yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe ìwé ìpolówó ọjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye alẹ́ tí ẹ sùn síbẹ̀ àti iye ìgbà tí ẹ palẹ̀ gbogbo ilé mọ́ torí àtira búrẹ́dì tàbí àtilọ rí dókítà. Ìpalẹ̀mọ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan: ẹ ó ká ìbòòrùn, ẹ ó yọ rọ́bà omi àti wáyà iná, ẹ ó gbé jáàkì sókè, ẹ ó sì ti gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù kí abọ́ má baà fọ́. Bí ibùdó tí ẹ sùn sí fún alẹ́ mẹ́rin sókè bá pọ̀ ju èyí tí ẹ sùn sí lẹ́ẹ̀kan lọ, mọ́tò kékeré á tó owó tí ẹ ná lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó irin ìfakọ̀ tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, irin ìdìmú iwájú tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú mọ́tò kí irin ìfakọ̀ lè rí ibi mú, wáyà àti ẹ̀rọ bíréèkì á yá yín ní mọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní tèmi, ọkọ̀ ilé tí kò gùn tó mítà 6 ò nílò mọ́tò kékeré kankan. Ibi tí bọ́ọ̀sì bá ti ráyè dúró, òun náà á ráyè.

Ìwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà, èyí tó kéré jù nínú wọn ló sì ń pàṣẹ: ohun tí ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ilé lè fà, ohun tí irin ìfakọ̀ lè gbà, ohun tí irin ìdìmú iwájú mọ́tò lè gbà, àti àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ ilé pẹ̀lú ohun tó ń fà, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbójú fò. Ká ní àpapọ̀ náà jẹ́ kìlò 11,800, tí ọkọ̀ ilé sì wọn 9,950 lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú omi, epo, ẹrù àti èèyàn inú rẹ̀. Ó ku 1,850. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ 2,270 sára ìkọ́ ẹ̀yìn, mọ́tò tó wọn 1,950 ti pọ̀ jù. Èyí tó wọn 1,500, pẹ̀lú ẹrù 150 nínú búùtù, bọ́ sí i. Omi lítà 1 sì rèé, kìlò 1 ni. Táǹkì tó gba lítà 300 lè sọ mọ́tò tó bọ́ sí i lánàá di èyí tí kò bọ́ sí i mọ́ lónìí. Ẹ má fojú wọn ọkọ̀. Bí ẹ ṣe máa ń di ẹrù gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe gbé e gun òṣùwọ̀n.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé, bíréèkì wà fún ìwọ̀n ọkọ̀ náà nìkan, kì í ṣe fún àpapọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ẹ̀rọ bíréèkì inú mọ́tò kékeré mọ́ ohun tí kò ṣeé yọ sílẹ̀, ohunkóhun tí òfin ibi tí ẹ wà ìbáà sọ.

Ìwọ̀n lè bára mu kí mọ́tò má ṣeé fà síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́m̀pù tó ń pín ọ́ìlì kiri inú jíàbọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ bá ń fà á, ẹ́ńjìnnì ti kú, ṣùgbọ́n táyà ṣì ń yí irin inú jíàbọ́ọ̀sì, ọ́ìlì ò sì dé ibẹ̀. Á gbóná títí á fi jóná, ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ mánúà ṣeé fà ní fíríì, ìyẹn nígbà tí jíà kankan ò wọlé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ìwé ìlò mọ́tò náà, ti ọdún tí wọ́n ṣe é gẹ́lẹ́, ló lè dá yín lóhùn. Ẹ wo Honda CR-V: títí dé ti 2014, ó ṣeé fà; láti 2015 tí jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ti di CVT, irú ọ̀tọ̀mátíìkì tó ń lo bẹ́líìtì dípò jíà, kò ṣeé fà mọ́. Orúkọ ò yí padà, ìdáhùn yí padà. Èyí tó sì ṣeé fà náà ní ètò tirẹ̀: ẹ ṣíná sí i, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé jíà gba gbogbo ipò kọjá, ẹ dúró lórí D fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ bọ́ sí fíríì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó pa á. Ìṣẹ́jú 3 yẹn ló ń fi ọ́ìlì pa irin lára. Àwọn tó ń kánjú ló máa ń fò ó.

Jeep Wrangler rọrùn ju ìyẹn lọ, torí àpótí kékeré tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ẹ̀yìn ní fíríì tirẹ̀. Ẹ fi àpótí náà sí fíríì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé jíà sí D, lẹ́yìn náà sí R. Bí mọ́tò bá sún bó ti wù kó kéré mọ, kò tíì wọ fíríì nìyẹn. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ pa á, kí ẹ fi ọ̀tọ̀mátíìkì sí P.

Irin ìfakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Bí gíga ìkọ́ ẹ̀yìn àti ti irin ìdìmú bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ síra wọn, ẹ wá irin tí wọ́n tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ sáàárín, torí tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, mọ́tò á fẹ́ gun ẹ̀yìn ọkọ̀ ilé tàbí kó rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣéènì méjì tó ń di mọ́tò mú bí irin bá já á gba ara wọn kọjá lábẹ́ irin. Wáyà iná nílò dáyóòdù kí iná ọkọ̀ ilé má baà ṣàn padà sínú ẹ̀rọ mọ́tò. Okùn tó ń fa bíréèkì bí mọ́tò bá já, ara ọkọ̀ ilé ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ irin ìfakọ̀, òun àti irin náà á jọ já lọ ni.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù ni àpótí bíréèkì tí wọ́n ń gbé síwájú ìjókòó awakọ̀ nínú mọ́tò kékeré, kó lè máa bá yín tẹ bíréèkì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á kú ná, ẹ ó wá tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó gbé àpótí náà síbẹ̀. Bí ìjókòó bá sún mọ́ ọn jù, bíréèkì á máa wà ní títẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á gbóná, táyà á bẹ́, nígbà mìíràn iná á sọ. Ọkọ̀ ilé ti wúwo jù fún awakọ̀ láti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti kámẹ́rà ẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ náwó lé lọ́dún tuntun, kí n tó ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Lẹ́yìn wọn ni wáyà tó ń ti ọkọ̀ ilé gba iná wá sí bátìrì mọ́tò, pẹ̀lú fíúsì lórí rẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí sítíárìn má baà há lè pa bátìrì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí mọ́tò bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ ilé, ẹ má fi wọ́n rìn sẹ́yìn, bó ti wù kó kúrú mọ. Táyà iwájú mọ́tò á yà bó ṣe wù ú, á sì tẹ irin ìfakọ̀. Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tú u. Tí ẹ bá sì ti yà díẹ̀ kí ẹ tó dúró, píìnì inú irin á há, ẹ ó jà á títí.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà. Kẹ̀kẹ́ ìfakọ̀ onítáyà méjì, tó ń gbé iwájú mọ́tò nìkan sókè, wà fún mọ́tò tí táyà iwájú ń fà. Okùn tó di táyà mọ́ ọn máa ń dẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan, òun náà ò ṣeé fi rìn sẹ́yìn, ibi tí ẹ ó sì gbé e sí ní ibùdó tún di ọ̀rọ̀. Tírélà pẹlẹbẹ lè gbé mọ́tò èyíkéyìí, ó sì ṣeé fi rìn sẹ́yìn. Àmọ́ bó bá wọn kìlò 700 lófìfo, nínú 1,850 tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, 1,150 ló kù fún mọ́tò.

Ní Bìrìtéènì, tírélà ni òfin ka mọ́tò tí wọ́n ń fà pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ sí, bó bá sì ju kìlò 750 lọ, bíréèkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ wo òfin tiyín àti ti ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kọjá ààlà.

Nínú oṣù kìíní, òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ìwé ìlò mọ́tò, kí ẹ tó wá béèrè bóyá wọ́n ń ṣe irin ìdìmú iwájú fún irú mọ́tò yín. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ má gbé e lọ fún jórinjórin kó jó ọ̀kan fún yín. Bọ́m̀pà á kọ́kọ́ kúrò, ohun tó ń mọ̀ bí mọ́tò bá kọlu nǹkan tó sì ń tú àpò afẹ́fẹ́ jáde wà nítòsí ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ti dán irin rẹ̀ wò lórí ìwọ̀n kankan.