Ìbéèrè tí ọmọ mi bi Bàbá
Lánàá, ọmọ mi bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jagun Biafra lábẹ́ Ọ̀gágun Benjamin Adekunle, bóyá wọ́n pa ènìyàn rí. Bàbá dákẹ́ títí, kí wọ́n tó sọ pé ọ̀dọ́kùnrin kan ni, nítòsí Port Harcourt ní 1968, tí àwọn méjèèjì ṣe kòńgẹ́ lábẹ́ ọ̀pẹ, tí òun sì tètè yìnbọn. Nígbà tí òun yẹ àpò rẹ̀ wò, iṣu sísun tí wọ́n fi ewé wé ni òun bá níbẹ̀, kò sì tíì tutù.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ìjọba kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, a kí Bàbá kú oríire, a kò sì bi wọ́n ní ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ìyàwó wọn ń gbọ́ igbe wọn lójú oorun. Ní tèmi, ẹ̀rí ọkàn tí kò kú ló ń dà wọ́n láàmú, kì í ṣe ojo. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ lọ rí dókítà ní Àrò, wọn kò tíì gbà.