Ọdún tí a ta Píjò Bàbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú mi pé àyẹ̀wò ìparí ọdún tí mo máa ń kọ sí yín pẹ́, ẹ má bínú, iná ni ò sí. Lórí ìwé, Band A ni wá, ìpele tó yẹ kó máa rí iná jù lọ. Owó rẹ̀ là ń san, iná rẹ̀ gan-an ni a ò tíì rí. Bẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, n ò lè sọ. A jẹun, àwọn ìbejì lọ sílé ìwé, òjò rọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo rántí nínú 2025: a ta Píjò Bàbá, a sì kó owó rẹ̀ lọ sídìí gbèsè ilé.

Ẹ mọ ọkọ̀ náà. 504 ni, lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, òun ni Bàbá fi ń kó gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké, l'Ábẹ́òkúta. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fún mi, níṣojú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kó tó di pé... ẹ ṣáà mọ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti wà lọ́gbà wa ní Ọbántókò, tí adìẹ aládùúgbò ń yé sábẹ́ rẹ̀. Epo tí a bá sì rọ sí i, bí ẹni ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ajádìí ni.

Ti owó ilé ńkọ́? Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ náírà méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù rẹ̀ sínú àpò owó ilé tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ ní 1992. Ibẹ̀ la ti yáwó, èlé rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Akáǹtáǹtì ibi iṣẹ́ mi ò yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, ta ní ń sáré san gbèsè elélé mẹ́fà ní Nàìjíríà? Ní 2024, èlé treasury bills, ìwé tí ìjọba fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú, gan-an ju ogún lọ." Òótọ́ ló sọ, ìṣirò rẹ̀ ò lábùkù. Ká ní ìṣirò nìkan la fi ń gbélé ni, owó Píjò ì bá wà níbẹ̀ tí á máa bímọ.

Àmọ́ ìwé ilé wà lọ́dọ̀ báǹkì títí a ó fi san gbèsè náà tán. Bàbá, ọmọ Ìtòkú tí wọ́n bí sínú agboolé, ò gbà rárá pé ilé tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ń jẹ́ ilé. Bó bá ti wá kí wa, kó tó gba omi mu: "Ìwé ilé dà?" Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín: "Ó ń bọ̀, sà." "Ìwọ̀fà báǹkì ni ẹ́, àna mi." Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé títí tí ẹni tó ń béèrè fi lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èlé.

Ká ní mílíọ̀nù márùn-ún lẹ yá, pé ogún ọdún lẹ fẹ́ fi san án, èlé mẹ́fà. Ẹ ó máa san nǹkan bí 35,800 náírà lóṣù. Nínú ti oṣù àkọ́kọ́, 25,000 èlé ni. Ohun tó kan ojú owó, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá gan-an, ò tó 11,000. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ò mọ ìṣirò ni. Ibi tó wá dùn rèé: bẹ́ ẹ bá ń fi 10,000 kún un lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, ogún ọdún á wálẹ̀ sí bí ọdún mẹ́tàlá. Ẹgbàárùn-ún náírà, owó súyà àti dátà! Ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà o, kẹ́ ẹ là á mọ́lẹ̀ pé ojú owó ni kí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀, torí wọ́n lè kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀, kí èlé sì jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà. Ẹ̀dà tèmi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìbí àwọn ọmọ.

Ikùn la ti kọ́kọ́ rí owó yọ. Iyán di oúnjẹ ọdún, làfún gba ipò rẹ̀. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, kí ló kàn mí? Ọmọ Èkìtì tí mo fẹ́ ló ń jìyà. Á kọ́kọ́ wo làfún náà dáadáa kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi àti Ìyá ilé kejì jọ ra àpò ìrẹsì kan ní Lafẹ́nwá, ìjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí kóńgò tó kẹ́yìn.

Aṣọ ẹbí ló le jù. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé Sátidé kì í lọ lásán. Mo ṣòfin pé n ò ní ra aṣọ ẹbí kankan, àdìrẹ tó wà nílẹ̀ ni mo máa wọ̀. Níbi àádọ́rin ọdún ẹ̀gbọ́n Bàbá, gbogbo tábìlì wa wọ léèsì aláwọ̀ àlùkò, èmi nìkan ni mo wọ aró. Ọmọ tó ń pín oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo aṣọ mi, ó gbé tíréè yí kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Àfi ìgbà tí Àǹtí Ìbàrà pariwo láti òdì kejì: "Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín." Wọ́n ti ń pè mí lẹ́lẹ́wà láti ọjọ́ náà, títí kan àwọn ọmọ tí mo bí.

Ẹni tó ra Píjò ń kó iṣu láti ọ̀nà Ayétòrò. Ọkọ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí wá, ọkùnrin yìí fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó bú ramúramù. Ọ̀dàlẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù kí n kó ẹrù inú rẹ̀. Orógbó gbígbẹ wà níwájú ibi tí Bàbá ń kó ìwé ọkọ̀ sí, pẹ̀lú agolo Robb. Mo ṣí i. Ojú àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lára ìpara náà, ibi tó ti ha á kẹ́yìn. Nígbà tí Kẹ́hìndé bi mí pé kí ló ṣe mí lójú, mo ní Robb ló ta sí i.

Iye tí a tà á, n ò ní sọ níbí, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń kà á.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ò jẹ́ kí a ṣàìsàn tó ń jẹ owó, ọpẹ́ fún ọmọ Èkìtì mi tó ń gbé làfún mì. Bí owó epo ò bá tún fò sókè, bí ìgbéga tí wọ́n ń ṣèlérí fún ọkọ mi bá jáde, ó ṣeé ṣe kí ìwé ilé tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí àwọn ìbejì tó wọ yunifásítì. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé o.

Ohun tó wà níwájú báyìí ni ìgbéyàwó àbúrò mi lóṣù kejì. Ó ti fi àwòrán aṣọ ẹbí ránṣẹ́, léèsì àti gèlè, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì. Mo wo iye rẹ̀, mo pa dátà. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé mo kà á.