Ohùn Kan Péré ní Ìlú Fez

Títí di ìsinsìnyí ni inú ṣì ń bí mi sí ọmọkùnrin tó tàn mí ní ìlú Fez, lórílẹ̀-èdè Mòrókò.

Àjọ̀dún orin mímọ́ àgbáyé tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún 1994 ló gbé mi lọ. Kì í ṣe tìtorí àwọn ẹgbẹ́ olórin ńláńlá ni mo ṣe wá. Ẹni tó ń dá kọrin, tó ń fi ọ̀nà ọ̀fun kan ṣoṣo kọ orin ìran púpọ̀, òun ni mò ń wá. Àwo orin tí olórin kan, Sheila Chandra, ṣe lọ́dún 1992 ló kó mi sí i: London ni wọ́n bí i sí, Íńdíà ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, orin ìhà méjèèjì sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí orin ilé kan. Àìsàn tó ń jó o lẹ́nu ló gba orin lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé ẹlòmíràn ń tọ ọ̀nà yẹn, màá wọkọ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Bab Boujloud, ẹnubodè aláwọ̀ búlúù tí gbogbo àlejò máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ọgbà Jnan Sbil tí wọ́n ti fẹ́ kọrin kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ó sì ṣì ku wákàtí kan. Ọmọkùnrin kan bá sún mọ́ mi: "Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti dí ọ̀nà yẹn. Tẹ̀ lé mi." Mo tẹ̀ lé e. A gba ọ̀nà tóóró kan bọ́ sí òmíràn. Mọ́tò kì í wọ inú ìlú àtijọ́ yẹn, ìbaaka ló ń ru ẹrù. Ọ̀kan tó ru awọ tútù ń bọ̀, mo lẹ̀ mọ́ ògiri kí omi awọ má baà kàn mí láṣọ. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ ibi tí à ń lọ fún mi: ibi tí wọ́n ti ń rẹ awọ ni. Ó ní kí n ra báàgì. Mo ní mi ò rà. Ó ní kí n san 200 dírámù nítorí ó mú mi rìn! Mo fún un ní 100, torí mi ò mọ ọ̀nà àbájáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Fez pé wọ́n ti dí ọ̀nà, ẹ lọ fojú ara yín rí i ná.

Mo dé ọgbà pẹ̀lú òógùn àti ìbínú. Orin ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo rí jókòó sí.

Obìnrin kan ló dá jókòó lórí ẹní. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fẹ́ àpótí kékeré kan bí ẹwìrì, ohùn kan náà ló sì ń ti inú rẹ̀ jáde láìdákẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan: àtẹ́lẹwọ́, ìka tó kéré jù, èyí tó tẹ̀ lé e, ìka àárín, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́. Ó pé mẹ́jọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ará gúúsù Íńdíà ṣe ń ka ìlù nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ gan-an sì ni ìlù: ta-ka-di-mi, ta-ka-di-mi, ó yára débi pé mi ò rí ibi tó ti ń mí.

Ó dákẹ́ lójijì. Àpótí ṣì ń dún. Orí ohùn yẹn kan náà ló gbé orin Áyálándì lé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sean-nós, tí ẹnì kan ń dá kọ láìsí ìlù. Yóò mú ọ̀rọ̀ kan, yóò yí i po lọ́nà márùn-ún, mẹ́fà, kó tó fi í sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, orin ẹ̀dùn àwọn ará Andalusia, ní gúúsù Sípéènì, ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tó ti kọjá ààlà. Àwọn tó kàn ń lẹ orin ìran kan mọ́ òmíràn, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ máa ń hàn gedegbe. Ibi tí àwọn orin náà ti bára tan ni obìnrin yìí gbà kọjá. Ẹni tó bá ti gbọ́ rárà rí á mọ irú ọ̀fun tí mò ń sọ.

Fez náà mọ irú ìbátan bẹ́ẹ̀. Láti bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ni àwọn tó sá kúrò ní Córdoba, ìlú kan ní Andalusia yẹn, ti tẹ̀dó sí apá kan odò ibẹ̀, tí àwọn ará Kairouan, ní Tùnísíà, sì wà ní òdìkejì.

Kó tó parí, ó pa àpótí náà dé. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù, àti ti àwọn ẹyẹ orí igi.

Nígbà tí mò ń padà, mo gba ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n ti dí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.