Fífín àwòrán ẹ̀rọ sórí igi ọsàn

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ igbá fínfín ti mọ ìdajì iṣẹ́ fífín igi láti tẹ àwòrán sórí bébà: ibi tí irin ìfín gbà kọjá ni yóò funfun lórí bébà, ibi tí a kò fọwọ́ kàn ni yóò gba íǹkì. Kì í ṣe pákó tí a là lóòró ni Thomas Bewick, afíngi ará Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1828, ń fín. Ojú ibi tí a ti gé igi lábùú ni. Nínú pákó olóòró, fọ́nrán igi á máa wọ́ irin lọ síbi tó wù ú.

Boxwood ni wọ́n ń lò, igi tó le ṣùgbọ́n tí kì í sanra. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi bóòtù so ègé kéékèèké pọ̀ fún àwòrán ńlá. Ẹ wo àwọn ìwé ìròyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún dáadáa, ẹ óò rí ìlà funfun tín-ín-rín níbi oríkèé.

Ní Ìlọrin, igi ọsàn tó ti gbó ló sún mọ́ ọn jù lójú tèmi. Ihò ara ìrókò ti tóbi jù. Ẹ gé e ní 3 cm, ẹ yẹra fún ọkàn igi, ẹ yọ́ àbẹ́là kun ojú méjèèjì, kí ẹ sì fi sí ibòji fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: etí á gbẹ kí àárín tó gbẹ, igi á sì là. Bí a ó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà òjé, ìyẹn lẹ́tà ìtẹ̀wé tí a fi òjé ṣe, kó nípọn tó 23.3 mm gẹ́lẹ́, kó lè bá lẹ́tà náà dọ́gba.

Ẹ yí àwòrán sódì kí ẹ tó kọ ọ́ sórí igi. Nọ́ńbà kì í tan èèyàn, síkúrù ló ń tanni: tí a kò bá yí i, síkúrù ọwọ́ ọ̀tún á di ti òsì lórí bébà, mẹkáníìkì á sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbé igi lé àpò awọ tó kún fún yanrìn. Èèkù irin wà nínú àtẹ́lẹwọ́, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó rí róbótó, igi ni kí ẹ yí, kì í ṣe irin. Àgbá ẹ́ńjìnnì ló dùn ún fín jù: ìlà funfun á fẹ̀ níhà ìmọ́lẹ̀, á máa tín-ín-rín títí dúdú á fi gbà á, lẹ́yìn náà ìlà funfun kan ṣoṣo létí òkùnkùn. Láìsí ìlà yẹn, àgbá á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bí irin bá yọ̀, ẹ lu ihò síbẹ̀, ẹ fi èèkàn igi kan náà dí i, ẹ gé e dọ́gba, kí ẹ tún un fín.

Íǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi rólà yí sí i. Tó bá pọ̀, á dí àwọn ìlà wẹ́wẹ́. Ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á. Ẹ má fi omi fọ igi náà, yóò wú. Kẹrosín díẹ̀ lórí àkísà ti tó.