Ìdáhùn tí mo fún oníbàárà láìbéèrè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè àti ìgbàlejò, ó pé ọdún 15 nínú oṣù yìí tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì fi ọjọ́ náà sọ ara mi di àlejò. Mo lọ jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń bójú tó. Aṣọ tábìlì funfun ṣì ni wọ́n ń lò, wọ́n ṣì ń lọ̀ ọ́ débi pé ipa áyọ́ọ̀nù hàn lójú rẹ̀, olùkọ́ kan sì fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú ìwé máàkì lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dúró nígbà tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé oúnjẹ mi wá mọ iṣẹ́: ó gba apá òsì mi gbé àwo kalẹ̀, kò sì fi àtàǹpàkò kan ojú àwo. Mo bi í bóyá ẹyin wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n dà sórí ẹja náà. Ó ní, “Rárá o, sà,” kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ara mi kò kọ ẹyin, ahọ́n mi ló sì ti sọ fún mi pé ẹyin wà níbẹ̀. Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé irú ìdáhùn yẹn gan-an ni mo fún obìnrin kan nínú yàrá yẹn kan náà.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín. Ti ọwọ́ fífọ̀, ti ọ̀bẹ mímú, ti pé kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe wálẹ̀ ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èyí tó tutù má sì gòkè kọjá 5, gbogbo ìyẹn ni ẹ ti mọ̀, n kò ní fi wọ́n gba àyè.

Èkíní ni pé kí ẹ fi ọkàn sí iṣẹ́ yàrá ìjẹun bí ẹ ṣe ń fi ọkàn sí ti ilé ìdáná. Púpọ̀ nínú wa ló ka ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá yàn wá ṣe wéítà sí ìjìyà, a ó kàn máa ka ọjọ́ títí a ó fi padà sídìí ààrò.

Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwà pẹ̀lẹ́ àwọn oníbàárà tàn yín. Ẹni tó wá jẹun ní irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sè é, owó tó san kò tó ti ìta, ó sì ti mú sùúrù dání láti ilé. Bí ẹ bá da omi sí i lẹ́sẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Bí oúnjẹ bá pẹ́, yóò ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa rò pé gbogbo àṣìṣe ló ní àforíjì níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun oníbàárà kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Ibi tí ẹ̀kẹta ti wá nìyẹn, n kò sì rò pé mo máa dé orí ẹ̀kẹrin.

Ọdún kejì mi ni. Ní ọ̀sẹ̀ náà, èmi wà ní yàrá ìjẹun, wọ́n sì fi ọbẹ̀ lé akẹgbẹ́ mi kan tí a jọ wọlé lọ́wọ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ilé ìdáná: Auguste Escoffier, ará Faransé tó kú ní 1935, ló mú ètò yẹn gbilẹ̀, pé kí ẹnì kan dúró ti ọbẹ̀, kí ẹlòmíràn dúró ti ẹja, kí ẹlòmíràn mójú tó ìpápánu, kí olórí kan sì máa darí gbogbo wọn. Ètò náà ń mú iṣẹ́ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń fọ́n ìmọ̀ nípa àwo oúnjẹ kan ṣoṣo sọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, wéítà kò sì sí lára wọn. Ìwé pélébé tí wéítà kọ nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà gba ẹnu ọ̀nà kọjá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ro ọbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ kó wa jọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó sì ka ohun tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún wa. Ọbẹ̀ ẹran ní omi eegun, àlùbọ́sà, tòmátì, àti ìyẹ̀fun díẹ̀ tí yóò mú un ki. Mo há a sórí. Mo máa ń yangàn nígbà náà pé n kì í wo ìwé kí n tó dáhùn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀ jókòó sí tábìlì kẹfà. Kí ó tó ṣí ìwé oúnjẹ ló ti sọ fún mi pé ara òun kọ ẹ̀pà, ó sì bi mí bóyá ó wà nínú ọbẹ̀ ẹran. Mo ní, “Rárá, mà, kò sí ẹ̀pà níbẹ̀ rárá.” Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. N kò kọ ọ́ sórí ìwé, nítorí pé lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọbẹ̀ náà ti ṣàn jù ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, akẹgbẹ́ mi sì bu ẹ̀pà lílọ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò, ó dùn, ó dákẹ́. Olùkọ́ ilé ìdáná náà tọ́ ọ wò, ó yìn ín, kò sì bi í pé kí ló fi sí i.

Lẹ́yìn ṣíbí kejì ni obìnrin náà dáwọ́ dúró. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ìka kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì wò mí. Kò bínú, ó dà bí ẹni tó fẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ètè náà ti ń wú, ara rẹ̀ ti ń pọ́n láti ọrùn lọ sí àyà, ó sì ti ń họ ọ́. Mo wá ṣe àṣìṣe kejì: mo di apá rẹ̀ mú, mo fẹ́ gbé e dìde kí atẹ́gùn ìta lè fẹ́ sí i. Ọkọ rẹ̀ gbá ọwọ́ mi dànù. Ó tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àga, ó yọ abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń gba ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ là, nínú báàgì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ láti orí aṣọ, bó ṣe ń pariwo pé kí a pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni mo tó kọ́ pé bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ń já wálẹ̀, ìdìde lójijì lè pa á. Ìdùbúlẹ̀ ló yẹ ẹ́, àyàfi bí èémí bá ṣòro fún un débi tí ó fi fẹ́ jókòó. Kódà bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni a gbọ́dọ̀ gbé e lọ, nítorí pé ìkọlù náà tún lè padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ó yè. Ilé ìwòsàn ló sùn mọ́jú.

Nígbà tí yàrá ṣófo, olùkọ́ wa bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lójú gbogbo kíláàsì: “Ta lo bi?” N kò ní èsì. Ẹnikẹ́ni kò bi akẹgbẹ́ mi pé ta ló sọ fún. Ó dúró lẹ́yìn ààrò, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ìjábọ̀, orúkọ mi nìkan ló wọ inú rẹ̀. Mo tún ìdánwò ìgbàlejò ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e; òun gba ẹ̀bùn ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè jù lọ́jọ́ tí a jáde. Mo ti dárí jì í, tàbí kí n kúkú sọ pé n kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ kò bù lára tèmi. Ká ní mo kọ “kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà” sórí ìwé pélébé yẹn ni, ẹni tó ń ké ìwé lójú fèrèsé ilé ìdáná ì bá ké e, akẹgbẹ́ mi ì bá gbọ́, ẹ̀rù ì bá sì bà á tó láti la ẹnu.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ láìtijú: “N kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè.” Kí ẹ sì lọ lóòótọ́. Ẹni tó se oúnjẹ gan-an ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó kàn dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kódà bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ààrò, ohunkóhun tí ẹ bá fi rọ́pò òmíràn, ẹ pariwo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára pátákó kí ọbẹ̀ náà tó tún hó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iná, nítorí pé sísè kì í mú ohun tó wà nínú ẹ̀pà tó ń bá ara jà kúrò, ṣíbí tí a kàn fi aṣọ nù sì lè gbé e láti ìkòkò kan dé òmíràn. Láti December 2014 ni òfin European Union ti mú un ní dandan pé kí ilé oúnjẹ lè sọ bí ọ̀kan nínú nǹkan 14 tí ara àwọn ènìyàn kan máa ń kọ̀, bí ẹ̀pà àti ẹyin, bá wà nínú oúnjẹ tó ń tà. Mo ti pàdé akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ka gbogbo 14 náà lórí bí ẹni ń kọrin, tí yóò sì dáhùn “Rárá o, sà” láìrin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá dé ilé ìdáná.

Nígbà tí mo jẹun tán lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé páálí kékeré tí àlejò ń kọ èrò rẹ̀ sí wá fún mi. Mo kọ ọ́ pé oúnjẹ dùn, pé ọwọ́ wọn yá. N kò kọ ti ẹyin síbẹ̀. Mo ní kí ó bá mi pe ẹni tó se ọbẹ̀ náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn méjèèjì fi jáde, mo sì sọ ọ́ fún wọn pọ̀, nítorí pé mo mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dé, mo sì mọ iye orúkọ tí wọ́n máa ń kọ sínú rẹ̀.