Kọ́mà òkè dà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni, ẹni tó bá sì mọ bí ojú àwa onítẹ̀wé ṣe máa ń rí láti April wọ June á mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa. Ìsìnkú lọ́tùn-ún, wẹ́dìn lósì, àwọn skúùlù ń ṣe tiwọn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ náà ń ṣe tiwọn, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ ẹ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ àpọ́sítírófì ni, àmì Gẹ̀ẹ́sì kékeré yẹn tá a máa ń pè ní kọ́mà òkè nígbà tá a wà ní pírámárì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mọ́mì kan tó ni skúùlù nínú Adó-Èkìtì níbí (mi ò ní dárúkọ, kọ́sítọ́mà mi ṣì ni wọ́n) gbé iṣẹ́ fẹ́lẹ́ẹ̀sì wá, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, fún Children's Day, 27 May. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo wo fọ́tò àwọn ọmọ, mo wo nọ́ńbà fóònù, mo wo bóyá búlúù yẹn bá ti yunifọ́ọ̀mù wọn mu, ó pé, mo ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la, Mọ́mì dé, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀, wọ́n ní:

"Kọ́mà òkè dà?"

Mo ní, "Mà?"

"Ọjọ́ ta lo kọ síbí? Childrens. Àwọn ọmọ ló ni ọjọ́ yìí, níbo lo ti fi hàn mí pé àwọn ló ni ín?"

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kí wọ́n tó rẹtáyà, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ní àwọn ò lè gbé irú ẹ̀ kọ́ sẹ́nu géètì, àwọn òbí á ní irú Gẹ̀ẹ́sì wo ni wọ́n ń kọ́ ọmọ àwọn níbẹ̀. Iná ò sí, ibi tí mo ti ń tẹ fẹ́lẹ́ẹ̀sì ti kógbá wọlé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ni mo bá wá àjákù sítíkà dúdú, mo fi bíléèdì gé e, orí ẹ̀ rogodo, ìrù ẹ̀ tínrín, kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí fẹ́lẹ́ẹ̀sì, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sáàárín N àti S, àyè ò sí níbẹ̀, mo wá rọra gbé e lé S lórí bí ẹni dé e ní fìlà. Mọ́mì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó máa fi di aago méjìlá ọ̀sán, oòrùn ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀, gọ́ọ̀mù ti yọ́, sítíkà ti yọ̀ wálẹ̀ lọ dúró sẹ́sẹ̀ S. Kọ́mà òkè ti di kọ́mà ilẹ̀. Mọ́mì ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Bálánsì mi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó rí i gbà.

Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àmì yìí bí ẹni ń wádìí olè. Ta ló gbé e wá? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an? Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé làwọn Òyìnbó ti yá a, láàárín ọdún 1501 sí 1600, wọ́n ń fi í síbi tí wọ́n bá ti gé lẹ́tà kúrò. Èyí tó wà fún ohun-ìní yìí náà, ibẹ̀ ló ti wá: láyé àtijọ́, kinges ni wọ́n máa ń kọ fún ti ọba, nígbà tó yá e inú ẹ̀ kú lẹ́nu àwọn èèyàn, wọ́n wá fi kọ́mà òkè sójú ibi tó wà, ó di king's. Àmì sàréè ni nígbà yẹn. Lẹ́tà kan ló kú, wọ́n fi òkúta sí i lórí, èmi ni wọ́n wá ń dá owó ẹ̀ dúró fún ní Adó.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe mẹ́ta yìí sókè kí n gbọ́: boys, boy's, boys'. Ṣẹ́ ẹ ri? Bákan náà ni gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó dá ẹnìkejì ẹ̀ dúró pé jọ̀ọ́, níbo lo fi kọ́mà sí nínú èyí tó o sọ yẹn. Etí ò nílò ẹ̀, ojú nìkan ló ń jà fún un. Ká má ṣèrú ṣá, èyí tí wọ́n fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú ṣì níṣẹ́ díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú I'll, àìsàn ló kù, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú she'll, ìkarahun lẹ kọ yẹn. George Bernard Shaw, bàbá òǹkọ̀wé eré yẹn, ti rí èyí tipẹ́. Ó máa ń kọ dont àti cant ní gbalaja, ó pe kọ́mà òkè ní kòkòrò àrùn tí ò lẹ́wà lójú ìwé, àmọ́ ibi tó bá máa da èèyàn rú, á fi í síbẹ̀. Wọ́n ṣì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti 1925.

Òun nìkan kọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, láti 1890 ni ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí orúkọ ibi ti ń yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ òkè àti odò, ibi márùn-ún péré ni wọ́n tíì gbà láàyè pé kó ní in, Martha's Vineyard wà níbẹ̀. Káńsù Birmingham ní ìlú ọba sọ ní 2009 pé àwọn ò fi sára pátákó ojú títì mọ́. Waterstones, ilé ìtàwé ńlá, ilé ìtàwé o, yọ tiwọn ní 2012. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, lórí ìlà Piccadilly, Earl's Court ní kọ́mà, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an, Barons Court, kò ní. Ọkọ̀ ń kó èrò láti ọ̀kan dé èkejì lójoojúmọ́, mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọnù sáàárín méjèèjì.

Bàbá kan tiẹ̀ wà, John Richards, oníròyìn tó ti fẹ̀yìntì, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2001 tí wọ́n á máa dáàbò bo àpọ́sítírófì. Ó ń kọ lẹ́tà sáwọn oníṣọ́ọ̀bù pé ẹ fi síbí, ẹ yọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ní 2019 ló ní òun ti jáwọ́, ẹni ọdún 96 ni nígbà yẹn, ó ní àìmọ̀kan àti ọ̀lẹ ti borí. Àánú ẹ̀ ṣe mí ká sòótọ́. Mo rò ó pé bóyá Mọ́mì wa àti bàbá yẹn ì bá ṣọ̀rẹ́.

Ibi tó wá ká mi lára nìyí. Shaw yọ ọ́, wọ́n ní ọ̀gá ni. Waterstones yọ ọ́, àwọn kan pariwo, ó tán síbẹ̀. Èmi yọ ọ́ nínú Adó, wọ́n ní mi ò kàwé. Ẹni tó lèdè lè ṣe é bó ṣe wù ú, ẹni tó yá a ló gbọ́dọ̀ máa dá a padà ní pípé. Àgàgà ní Èkìtì níbí tí wọ́n máa ń fi pùròfẹ́sọ̀ júwe wa káàkiri, àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì lára fẹ́lẹ́ẹ̀sì, ìtìjú ẹbí ni, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀ káàkiri gúrúùpù WhatsApp kó tó di alẹ́. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí bóyá wọ́n ṣì nílò ẹ̀, màá ní kí wọ́n fi ti I'll àti we're sílẹ̀ kí wọ́n kó ìyókù dànù. Àmọ́ ṣé èmi ni màá kọ́kọ́ yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi? Lọ́wọ́ ta ni màá ti gbowó?

Yorùbá náà kúkú lò ó rí. L'ọ́jà, n'ílé, f'Ọlọ́run, ó kún inú àwọn ìwé àtijọ́ fọ́fọ́. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, bí aiyé ṣe di ayé, tí ẹiyẹ di ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni l'ọ́jà di lọ́jà. Kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ ṣìnà ọjà. Síbẹ̀ àwọn tó ń gbé ìwé ètò ìsìnkú wá, àfi kí n fi "n'ínú Olúwa" sí i, mo ti bá wọn sọ ọ́ sọ ọ́ ó sú mi, mo ń fi sí i.

Ọ̀rọ̀ "ta ló ni ín" tí Mọ́mì sọ yẹn ló ṣì ń jà nínú mi jù. Ẹ wo Ọjà Ọba wa níbí, King's Market. Ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wọ nǹkan lórí kó tó jẹ́ ti ọba, tiwa kàn to ọ̀rọ̀ méjì tẹ̀ léra ni, ó tán. Àmọ́ ẹ sọ "ilé Dàda" jáde lẹ́nu kẹ́ ẹ gbọ́ ara yín, ilé e Dàda lẹ máa sọ, e kékeré kan máa fà láàárín wọn, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ọ, a kì í sábà kọ ọ́. Ìyá mi á tiẹ̀ sọ ulé, èyí tí tíṣà ò ní jẹ́ kó o kọ sínú ìwé láéláé. Òyìnbó ń kọ èyí tí ò sẹ́ni tó ń gbọ́, àwa ń gbọ́ èyí tí a kì í kọ. Mi ò mọ èwo ló sàn, ṣùgbọ́n tiwa ò ná mi ní bálánsì rí.

Ẹ jẹ́ n tún sọ èyí kí n má gbàgbé. Lọ́dún kan mo bá ẹgbẹ́ kan fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ńbà wọn, nǹkan bíi lẹ́tà 150, mo mọ̀ pé ojú ewé kan gba 160, mo ti ṣírò owó ẹ̀. Wọ́n bá yọ owó ojú ewé mẹ́ta mẹ́ta. Mo fẹ́ẹ̀ ya wèrè. Àṣé Word tí mo ti kọ ọ́ ló ti yí kọ́mà òkè kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ padà sí èyí tó tẹ̀ kọdọrọ, fóònù ò sì ní irú ẹ̀ nínú lẹ́tà ìpìlẹ̀ ẹ̀, ó wá já gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà wálẹ̀ sí lẹ́tà 70 lójú ewé kan. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa náà máa ń fa irú ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fi Yorùbá pe ìpàdé ẹ fi sọ́kàn.

Mọ́mì tún dé lọ́dún yìí o. Inú mi dùn, mo ti rò pé wọ́n ti bá ibòmíì lọ. Wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà wá, ní lẹ́tà ńláńlá, wọ́n fi bírò pupa yí kọ́mà òkè po kó má bàa tún fò mí. CHILDRENS' DAY. Lẹ́yìn S ni wọ́n fi í sí. Mo wò ó, mo wo ojú wọn, mo ní, "Mọ́mì, ṣé bó ṣe wà níbí gan-an ni ká ṣe é, Mà?" Wọ́n ní, "Bó ṣe wà gan-an, má fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá ọmọ iṣẹ́ mi jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, a gbé e padà sáàárín N àti S, a fún àyè ẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá gbà á, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n wò ó, wọ́n san owó mi pé láìku kọ́bọ̀.