Ohun tí mo kọ́ nídìí epo gbígbóná

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe súpáfáísọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ṣọ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi, kí n sì kọ orúkọ ẹni tó bá ṣẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gé owó oṣù rẹ̀. Mo rò pé báyẹn ni wọ́n ń ṣọ̀gá.

Ẹ mọ bí ọjọ́ Ojúde Ọba ṣe máa ń rí. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, bá ti kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tán, tí wọ́n gẹṣin tán, ebi dé nìyẹn, èrò á tò dé títì. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin tó ń dín adìẹ ń fi ọwọ́ òsì nìkan gbé agbọ̀n onírin. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé epo ti ta sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti léròrò, ó sì fa apá aṣọ bò ó. Ẹ̀rù ń bà á pé màá kọ orúkọ òun torí adìẹ tó dà sílẹ̀.

Ojú tì mí gan-an. Mo mú un lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó gbé ọwọ́ sábẹ́ omi fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sójú ibi tó jó, omi tútù ni. Èmi fúnra mi ni mo dín adìẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹsẹ̀ ro mí, epo ta sí mi lápá.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Robert Greenleaf, ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ ní 1970 pé ìránṣẹ́ ni kí aṣáájú kọ́kọ́ jẹ́, kí a sì wò ó bóyá àwọn tí aṣáájú náà ń sìn ń dàgbà sí i. Mo bá ọ̀gá àgbà jà títí wọ́n fi gbà kí àwọn ọmọ jẹun kí èrò ọ̀sán tó dé. Bí owó káṣíà bá dín, a jọ máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó máa ń fajú ro sí oníbàárà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láìjẹ́ pé mo rán wọn létí. Ọmọkùnrin kan ṣì ń jí ẹran, mo ní kó máa lọ. Ṣíṣe ìránṣẹ́ kò ní kí a fi ojú fo olè.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́ báyìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan epo, ẹ̀rọ omi ló máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ wò.